Íńtéèkì Tó Ń Jò: Kí Ló Ń Jò Níbẹ̀ Gan-an, Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Ṣe?

Tí mẹkáníìkì bá ti sọ fún èèyàn pé íńtéèkì ọkọ̀ ẹ̀ ń jò, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni ká bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá a máa rí ọ́ìlì tàbí omi tó ń kán sílẹ̀. A ò ní rí nǹkan kan, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Lójú ẹsẹ̀ la ó ti máa rò ó pé ọ̀gá yìí kàn fẹ́ fi wá jẹun ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí ẹ̀ pọ̀ jù, tó bá sì ti yé yín ohun tó ń jò àti ibi tó ń gbà jò, ẹ ò ní máa ra páàtì tí ọkọ̀ yín ò nílò.

Íńtéèkì máńífóòdù ni àwọn páìpù tó so tọ́ròtù bọ́dì, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń ṣí tí ẹ bá tẹná, pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ á gba inú fílítà wọlé, á kọjá lára sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní MAF, á kọjá ní tọ́ròtù bọ́dì, á wá dé inú íńtéèkì tó máa pín in fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó bá ní sílíńdà 4, páìpù 4 ni íńtéèkì ẹ̀ máa ní. Láyé àtijọ́ alúmíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wọlé báyìí, ike dúdú líle ni. Wọ́n á fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ara top cylinder, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, ohun tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni gásíkẹ́ẹ̀tì. Gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló sábà máa ń ṣe ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe íńtéèkì fúnra ẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ́ńjìnì epo kì í dúró kí afẹ́fẹ́ wá bá òun, ṣe ló ń fà á. Tí ọkọ̀ bá wà lórí slow, tí ẹ ò tẹ nǹkan kan, tọ́ròtù máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, písítìn ò sì dá fífà dúró, ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ inú íńtéèkì fi máa ń fẹ́lẹ́ gan-an. Mẹkáníìkì tó bá ní géèjì fákúùmù, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó, á rí i pé ẹ́ńjìnì tí ara ẹ̀ dá máa ń fa nǹkan bí ínǹṣì mẹ́kúrì 17 sí 22 lórí slow, bẹ́ẹ̀ gbogbo agbára tí afẹ́fẹ́ ìta ní ní ìlú tó wà létí òkun bí Èkó, nǹkan bí 30 ni. Ìyẹn ni pé ó lé ní ìdajì agbára afẹ́fẹ́ yẹn tó ti kúrò nínú íńtéèkì. Tí ihò kékeré bá wá wà níbì kan, kò sí nǹkan tó máa jáde níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta ló máa ya wọlé. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń fi sítúrọ̀ mu míńírà tí sítúrọ̀ náà sì ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, míńírà ò ní kán sílẹ̀ níbi tó ya, afẹ́fẹ́ lásán lẹ máa máa fà mọ́ ọn. Ìdí tí ilẹ̀ fi gbẹ nìyẹn o.

Wàyí o, kí ló wá burú nínú kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé? Afẹ́fẹ́ yẹn ò kọjá níwájú MAF, torí náà kò sí ẹni tó kà á. Bréènì bọ́ọ̀sì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ̀, máa ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7 bá epo kílò 1 jóná, òun ló ń sọ fún nọ́sùlù iye epo tó máa fọ́n, iye afẹ́fẹ́ tí MAF bá sì sọ fún un ló ń lò. Tí afẹ́fẹ́ kan bá wá yọ́ wọlé lẹ́yìn MAF, epo tí bréènì bọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fọ́n ò ní tó. Ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà ló máa kọ́kọ́ mọ̀, á rí i pé ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín ti pọ̀ jù, á kígbe pé epo ò tó. Bréènì bọ́ọ̀sì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo kún epo. Á máa fi kún un, á máa fi kún un, títí tó fi máa dé ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní kó dúró, ìgbà tó bá dé ibẹ̀ ló máa tan iná check engine tó sì máa kọ kóòdù P0171 sílẹ̀. Tó bá jẹ́ V6 tàbí V8 tó ní apá méjì, P0174 lè tẹ̀ lé e, ti apá kejì nìyẹn.

P0171 yìí lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa. Ohun tó ń sọ ò ju pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnì, tàbí pé epo ti kéré sí afẹ́fẹ́. Kò sọ pé ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ti kú. Kò sọ pé nọ́sùlù ti dí. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé tí wọ́n bá ti síkáànì ọkọ̀ tí kóòdù yìí jáde, ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ lọ rà, lẹ́yìn ìyẹn plọ́ọ̀gì, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fọ nọ́sùlù, lẹ́yìn ìyẹn ó kan fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù, owó ọ̀hún á ti tó ra íńtéèkì odidi pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ọkọ̀ ò sì tíì yí padà. Ó máa ń dùn mí gan-an torí ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n yọ dànù yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, òun ló sọ òótọ́ fún wọn.

Àwọn àmì tí ẹ máa rí kí iná tó tan tàbí lẹ́yìn tó bá tan: slow ọkọ̀ á máa lọ sókè sódò, RPM tó yẹ kó dúró sí nǹkan bíi 700 á máa sáré lọ sí 1,200 á tún já wálẹ̀, nígbà míì á fẹ́ kú tí ẹ bá dúró nínú go-slow, pàápàá tí AC bá wà lára ẹ̀. Ẹ lè gbọ́ ìró ṣíì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ lè máa jẹ́ẹ̀kì tí ẹ bá ń gbéra, ó lè máa mísì láàárọ̀, ìyẹn ni pé epo ò jó dáadáa nínú sílíńdà kan, tó bá sì ti gbóná tán gbogbo ẹ̀ á rọlẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Epo ń kọ́? Òun náà lè máa lọ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ẹ sì mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó tún ń fi epo ṣeré mọ́.

Kí n yára sọ èyí fún àwọn tó ń lo Honda àtijọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní MAF, sẹ́ńsọ̀ MAP tó ń wo agbára afẹ́fẹ́ inú íńtéèkì ni wọ́n ń lò. Afẹ́fẹ́ tó bá yọ́ wọlé, MAP á rí i, bréènì bọ́ọ̀sì á sì fi epo tó bá a mu kún un, torí náà P0171 lè má jáde rárá, slow tó ga ju bó ṣe yẹ ló máa hàn. Àìsàn kan náà ni, ojú tó gbà yọ ló yàtọ̀.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Corolla, èyí tó wá láti Amẹ́ríkà láàárín 2003 sí 2008, torí ó pọ̀ nígboro wa, àìsàn yìí sì mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE ló wà nínú ẹ̀, 1.8 ni, òun náà ló wà nínú Matrix àti Pontiac Vibe ìgbà yẹn. Íńtéèkì ẹ̀ ike ni, gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà tó wọ inú ojú ọ̀nà kan tí wọ́n gbẹ́ sára ike náà. Nígbà tí rọ́bà yẹn ṣì tuntun ó máa ń rọ̀, tí wọ́n bá ti fún un mọ́ ara top cylinder á tẹ̀, á kún gbogbo àlàfo. Ooru ẹ́ńjìnì á wá máa sè é lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, rọ́bà á gan, á pẹlẹbẹ, kò sì ní lè wú padà mọ́. Ní àárọ̀ tí gbogbo ẹ̀ tutù, ike náà sún kì, alúmíníọ̀mù náà sún kì, rọ́bà tó ti gan ò lè tẹ̀ lé wọn, àlàfo tó fẹ́lẹ́ bí irun á yọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbà. Tí ẹ́ńjìnì bá wá gbóná, gbogbo wọn á fẹ̀, àlàfo á pa dé. Toyota fúnra wọn fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn dílà wọn ní Amẹ́ríkà lórí P0171 tó ń jáde láàárọ̀ tútù lára Corolla àti Matrix yìí, pé kí wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì íńtéèkì sí èyí tí wọ́n tún ṣe. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ò sí nínú Toyota, ó wà níbẹ̀ dáadáa.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí òtútù àti ooru yìí ni pé òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín mẹkáníìkì àti oníbàárà. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ sítáàtì ọkọ̀, ó ń gbọ̀n, slow ń jó. Ẹ wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, go-slow gbà yín ní wákàtí kan, ọkọ̀ ti gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ọ̀gá sítáàtì ẹ̀, ó dúró bọ̀rọ̀kìnní. Ó ní òun ò rí nǹkan kan, ẹ̀yin ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fura sí íńtéèkì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn sí ọgbà mẹkáníìkì, kó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló máa sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó ṣì tutù, tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá bá a nílé láàárọ̀ kùtù. Àsìkò ọyẹ́ gan-an ló máa ń hàn jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń wọlé lóòótọ́, pé kì í ṣe epo ni ò tó? Kóòdù nìkan ò lè sọ èyí, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà tó ń sáré nínú síkáánà nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lè sọ ọ́, ẹ ò tiẹ̀ nílò síkáánà ńlá, ẹ̀rọ kékeré oní-Bluetooth tí wọ́n ń ki bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú áàpù lórí fóònù ti tó. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò OBD2 yẹn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fuel trim sí, oríṣi méjì ni, short àti long, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Òun ni pasẹ́ǹtì epo tí bréènì bọ́ọ̀sì ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò. Tó bá wà láàárín +10 sí -10, kò sí wàhálà. Tó bá ti ń lọ sí +20, +25 lórí slow, ó ti ń pariwo nìyẹn.

Ibi tó wá dùn nìyí. Ẹ tẹ tọ́ròtù kí RPM lọ sí 2,500, ẹ dì í mú síbẹ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tí nọ́ńbà yẹn máa ṣe. Ká ní MAF ń ka gíráàmù afẹ́fẹ́ 2 ní sẹ́kọ́ńdì kan lórí slow, tí ìdajì gíráàmù sì ń yọ́ wọlé níbi tó ń jò, 0.5 lórí 2 jẹ́ pasẹ́ǹtì 25. Tí ẹ bá gbé e lọ sí 2,500, afẹ́fẹ́ tó ń gba MAF lè di gíráàmù 8, ìdajì gíráàmù tó ń yọ́ wọlé ò sì ní pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 0.5 lórí 8 wá di pasẹ́ǹtì 6 péré. Torí náà tí fuel trim bá ga lórí slow tó sì já wálẹ̀ nígbà tí ẹ tẹná, ibì kan ń jò. Tó bá jẹ́ pé ó dára lórí slow ṣùgbọ́n tó ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹná sí i, ẹ lọ wo fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù, fílítà epo, tàbí MAF tó ti dọ̀tí, ẹ fi íńtéèkì sílẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ń gbani lọ́wọ́ gbogbo rírà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn tó bá dájú pé ó ń jò, ó kù ká wá ibẹ̀. Èyí tó dára jù ni ẹ̀rọ èéfín, wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á fẹ́ èéfín sínú íńtéèkì, ibi tí èéfín bá ti yọ ló ń jò. Kì í ṣe gbogbo ọgbà ló ní i. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lórí slow, kí wọ́n wá máa fọ́n carburettor cleaner díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ní sílíńdà kan tẹ̀ lé òmíì. Tó bá débi tó ń jò, ẹ́ńjìnì á fà á mu, ìró ẹ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n iná lọ̀rọ̀ yẹn, torí nǹkan tó ń jóná lẹ ń fọ́n síbi tí kọ́ìlì, wáyà àti ojú sàlẹ́ńsà gbígbóná wà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi epo ọkọ̀ tí wọ́n rọ sínú ike omi ṣe é, àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò lè gbà á fún ẹnikẹ́ni. Kí fáyà èsìtíńgúíṣà wà nítòsí. Tó bá jẹ́ èmi, omi lásán nínú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí aṣọ ni màá kọ́kọ́ lò, omi á dí àlàfo náà fún ìgbà díẹ̀, slow á tún ara ẹ̀ ṣe lójú yín, kò sì léwu.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì íńtéèkì kan, ẹ ní kí wọ́n wo àwọn rọ́bà tó so mọ́ ọn. Hóòsì tó lọ sí hydrovac tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ wà níbẹ̀, rọ́bà PCV tó ń fa èéfín ọ́ìlì wà níbẹ̀, rọ́bà ńlá tó wà láàárín fílítà àti tọ́ròtù bọ́dì náà wà níbẹ̀, ó máa ń sán lábẹ́ níbi tí ojú ò tó. Rọ́bà PCV yẹn pàápàá, ọ́ìlì gbígbóná máa ń jẹ ẹ́ títí tó fi máa rọ̀ tó sì máa ya lábẹ́ níbi tó ti tẹ̀. Gbogbo wọn ló lè fa àmì kan náà, owó wọn ò sì tó nǹkan.

Tó bá wá jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́, ẹ fetí sí èyí: wọn ò ní láti ṣí top cylinder. Wọn ò ní láti kan top gasket, èyí tó wà lábẹ́ top cylinder, wọn ò ní láti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ó di dandan kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó lè pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì íńtéèkì Corolla, ẹ wá ẹlòmíì. Iṣẹ́ ìta ẹ́ńjìnì ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ á sì parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Wọ́n á yọ orí bátìrì, wọ́n á tú rọ́bà fílítà, wọ́n á yọ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú sùúrù torí ike tó ti pẹ́ nínú ooru máa ń kán bí wọ́n bá fà á, wọ́n á fi àmì sí àwọn hóòsì lára kí wọ́n má bàa so ó pọ̀ mọ́ ibòmíì, ká ya fọ́tò ẹ̀ ló rọrùn jù, fóònù ṣáà wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Omi rádíétọ̀ ń gba ara tọ́ròtù bọ́dì Corolla yìí kọjá, tí wọ́n bá tú hóòsì yẹn, omi díẹ̀ máa dà, kì í ṣe pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n á kàn dá omi padà sí i níkẹyìn ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tú bóòtù àti nọ́ọ̀tì íńtéèkì, wọ́n á fà á síwájú.

Bí íńtéèkì ṣe kúrò lára ẹ́ńjìnì báyìí, ihò 4 tó lọ tààrà sínú ẹ́ńjìnì ló là sílẹ̀ yẹn. Kí wọ́n ki àkísà mímọ́ bọ gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré kan tó bá já síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí i, ọjọ́ tí wọ́n bá sítáàtì ọkọ̀ ló máa fọ́ fáàfù tàbí kó lu písítìn ní ihò, ìgbà yẹn ni ṣíṣí ẹ́ńjìnì máa wá di dandan lóòótọ́. Ojú alúmíníọ̀mù ara top cylinder, kí wọ́n fi ohun tí kò mú nù ún, ike pẹlẹbẹ tàbí aṣọ pẹ̀lú carburettor cleaner, kì í ṣe ṣísẹ̀lì, kì í ṣe sáńpépà lórí gíráńdà, torí ibi tí wọ́n bá ha, afẹ́fẹ́ máa gbabẹ̀. Kí wọ́n sì gbé rúlà irin tó tọ́ lé ojú íńtéèkì láti mọ̀ bóyá ike náà ti tẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti sán, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ò lè gbà á.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á wọ ojú ọ̀nà ẹ̀, láìsí gọ́ọ̀mù. Mo tún un sọ, láìsí gọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé gọ́ọ̀mù sílíkóònù ti di oògùn gbogbonìṣe lọ́wọ́ àwọn kan, tí nǹkan bá ti ń jò wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra gọ́ọ̀mù wá. Níbí yìí ó burú. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà yìí, wọ́n ṣe é kó gbẹ ni, kó tẹ̀ kó sì fún mọ́ra, gọ́ọ̀mù á jẹ́ kó máa yọ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà ẹ̀. Atẹ́gùn epo sì máa ń jẹ sílíkóònù tó wọ́pọ̀, á rọ̀, á ṣí díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì fa àwọn wóró ẹ̀ wọlé. Èyí tí wọ́n máa ń fi páálí gé ńkọ́? Kò lè bá ike tó ní ojú ọ̀nà rọ́bà mu, ẹ má dá owó iṣẹ́ fún un.

Bí wọ́n ṣe máa fún un náà ṣe pàtàkì. Láti àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo ẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tún padà fún un tán, torque wrench ló dára jù kí wọ́n lò pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ike lẹ ń fún mọ́ irin, ẹni tó bá fi gbogbo agbára ẹ̀ fa sípánà máa sán an, á tún lè já ẹ̀nu bóòtù inú alúmíníọ̀mù. Kì í ṣe agbára ló ń dí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, rọ́bà ni.

Ní ti páàtì, gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ní Ládípọ̀ tàbí Ọ̀wódé Onírin, ẹ lè rí íńtéèkì Belgium, ìyẹn tòkunbọ̀, tó dáa tí tiyín bá ti sán, mi ò rí àìdáa nínú ìyẹn, mo tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ju kí wọ́n fi Araldite lẹ èyí tó sán, torí ooru àti gbígbọ̀n máa tú u. Ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá íńtéèkì Belgium wá, òun náà ti gan tán bíi tiyín, ẹ yọ ọ́ dànù. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tẹ rọ́bà èyí tí ẹ fẹ́ rà, tó bá le gbagidi látinú páálí, fẹ́ẹ̀kì ni.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, íńtéèkì tó ń fa afẹ́fẹ́ ni o. Oríṣi kan tún wà tó ń jo omi, òun ló léwu jù. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tó jẹ́ pé omi rádíétọ̀ ń gba inú íńtéèkì tàbí etí gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kọjá, V6 àti V8 ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa mọ V6 3.1 àti 3.4 ti GM tó wà nínú Buick Century, Impala àti Pontiac Grand Am, gásíkẹ́ẹ̀tì íńtéèkì wọn máa ń jẹ, omi á máa bọ́ sínú ọ́ìlì, àwọn oníbàárà gbé GM lọ sí kóòtù lórí ẹ̀ tí wọ́n sì wá fọwọ́ sí àdéhùn ní 2008. V8 4.6 ti Ford náà, inú Crown Victoria àti Lincoln Town Car tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2001, tí àwọn onítakisí lò púpọ̀, ike íńtéèkì ẹ̀ máa ń sán níwájú níbi tí omi ń gbà, omi á tú jáde, ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà.

Tó bá jẹ́ tinú ọ́ìlì ló ń lọ, omi rádíétọ̀ á máa dínkù láìjẹ́ pé ẹ rí ibi tó ń kán sí, ọ́ìlì tí ẹ bá fa dípúsítíìkì ẹ̀ jáde á ti funfun, á sì ki. Àwọn èèyàn máa ń rò pé top gasket ti jó nìyẹn, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú irú ẹ́ńjìnì tí mo dárúkọ yìí, íńtéèkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ṣí top cylinder. Ẹ má wa ọkọ̀ tí omi ti wọ ọ́ìlì ẹ̀ dé ibì kankan. Ọ́ìlì tí omi wà nínú ẹ̀ ò lè dáàbò bo béárìn, tí béárìn bá sì lọ, ẹ́ńjìnì lọ nìyẹn. Ẹ pe ọkọ̀ towing kó wá wọ́ ọ.

Èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ ńkọ́, ṣé èèyàn lè máa wà á lọ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ fi wá owó gásíkẹ́ẹ̀tì, ó lè gbà bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ tí kò sì ń mísì. Ṣùgbọ́n tí iná check engine bá ti ń ṣẹ́jú tó sì ń mísì, epo tí kò jóná nínú sílíńdà ń lọ sínú catalyst, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, ó ń sè é, ìyẹn náà á di owó mìíràn. Kí ọkọ̀ má sì lọ kú mọ́ yín lọ́wọ́ lórí Third Mainland Bridge torí slow tó ń já.

Tí wọ́n bá ti tún un ṣe tán, ẹ má kàn san owó kẹ́ ẹ sì wọkọ̀ lọ. Kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kí wọ́n sítáàtì ọkọ̀, slow lè jó díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ torí bréènì bọ́ọ̀sì ń tún ara ẹ̀ kọ́, ẹ fún un láyè. Ẹ tún padà sórí fuel trim yẹn, ẹ ro short àti long pọ̀, ó yẹ kó ti sún mọ́ òdo lórí slow. Kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ẹ́ńjìnì ti tutù, torí òtútù ló máa fi hàn bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì náà jókòó dáadáa. Tí nọ́ńbà yẹn bá ṣì wà ní +20 láàárọ̀, ẹ dá a padà fún ọ̀gá, kó tún fọ́n omi sí i kó wá ibi tó kù.